Ìdánwò Tí Mo Kọ́ Jarvis Pettway

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Corinne ìyàwó mi ló ra ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ torí mo ti ń gbàgbé iṣẹ́ tó bá rán mi. Mo ní ta ni kì í gbàgbé wàrà? Ó ní, "Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, Royce?" Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

A wọ àgọ́ ìgbáradì lónìí. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, jẹun, ọdún kẹsàn-án ní ìlú etí adágún yìí. Èmi ni kọ́tábáàkì. Èmi ni mò ń pe eré, ìyẹn ohun tí a fẹ́ ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá gbéra, èmi ni mò ń ju bọ́ọ̀lù, èmi náà sì ni wọ́n ń bú. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ láti yunifásítì, kọ́tábáàkì mìíràn ni ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ yàn: Jarvis Pettway, ọmọ Alabama, ẹni ọdún méjìlélógún. Kò sẹ́ni tó pè mí kí wọ́n tó yàn án. Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti gbọ́, òkèlè wà lẹ́nu mi.

Kóòṣì Brandt dì mọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn. "Royce, ọmọ náà ti dé o. Kọ́ ọ. Gbogbo ohun tó wà lórí tìẹ, tú u sí tiẹ̀."

Wọ́n ní kí n gbẹ́ sàréè ara mi, wọ́n tún ní kí n máa rẹ́rìn-ín sí ṣọ́bìrì. Mo rẹ́rìn-ín.

Rírú, 23 Oṣù Keje

Ọjọ́ ìdánwò orí. Dókítà Feldkamp, dókítà ẹgbẹ́ wa, jókòó tì wá bí ìyá olùkọ́. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, o máa kà á padà. Ó fi àwòrán hàn ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, o máa tẹ bọ́tìnì. Wọ́n á kọ iye tó o gbà sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbá ọ lórí nígbà tí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún bi ọ́, bí ó bá ti bá ti oṣù Keje mu, ó yá, padà sórí pápá.

Kò sí àgbà nínú iṣẹ́ yìí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní oṣù Keje, èèyàn kì í gbìyànjú. O máa mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé, o máa tẹ bọ́tìnì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Gus Lindqvist, tó máa ń ti bọ́ọ̀lù sí mi lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, tiẹ̀ máa ń yán ní tiẹ̀. Èmi máa ń rántí mẹ́fà, ọdọọdún. Mi ò ṣe é bó ṣe yẹ rí.

Jarvis wà níwájú mi lórí ìlà, ó ń fi ọwọ́ pa ara wọn bí ọmọ tó fẹ́ wọ ìdánwò àṣewọlé.

"Ṣé ó le, sà?"

Gus bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni. Rántí mẹ́fà péré."

"Bí mo bá rántí gbogbo ẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé o ya òmùgọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá orí ẹ, wàá ní láti tún rántí mẹ́wàá kí wọ́n tó jẹ́ kó o wọlé padà."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn, sà?"

"Ààbò iṣẹ́ ni. Bí ẹlòmíì bá ń wo ipò ẹ bí ajá tó rí eegun, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo sọ ọ́ bí àwàdà. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń wo ipò ẹnì kejì lọ́jọ́ náà. Nígbà tó jáde, ó ṣẹ́jú sí mi. "Mo gbàgbé mẹ́rin, sà. Bí ìyá mi bá gbọ́, á sunkún."

Láti ìgbà tó ti dé, ohun kan ṣoṣo tí mo fi tọkàntọkàn kọ́ ọ nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Ooru pa wá. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi tún ti wú. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín nílé, kí olùtọ́jú ara má bàa rí i kó wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti wo gbogbo eré tí Jarvis ṣe ní yunifásítì, méjìdínlógójì, látìgbà tí wọ́n ti yàn án. Corinne rò pé mò ń ṣiṣẹ́. Àléébù ni mò ń wá. Díẹ̀ ni mo rí. Ọmọ náà máa ń fi ọwọ́ lu itan lẹ́ẹ̀mejì bó bá fẹ́ kí ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù létí pápá sáré jìnnà. Ní tiwa, etí akoto là ń fọwọ́ kàn fún ìyẹn. Mo mọ àmì rẹ̀ gbogbo. Bóyá ni ìyá rẹ̀ mọ ìrìn rẹ̀ tó mi.

Yunifásítì tèmi náà tẹ̀ mí láago. Wọ́n fẹ́ kí n wá ju ọwọ́ sí èrò ní oṣù Kẹwàá. Wọ́n ti gbé fọ́tò mi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pápá wọn, èmi àti ife ẹ̀yẹ, eyín mi funfun báláú. Mo ní mi ò ráyè, mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn náà, a ó rí i.

Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

A na wọ́n. Mo ju ayò mẹ́ta. Ẹ lọ kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn yín.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n nà wá. Mo ju bọ́ọ̀lù méjì sọ́wọ́ ọ̀tá. Àtàǹpàkò.

Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n tún nà wá, ìkẹta léra. Òjò láti orí adágún, afẹ́fẹ́ tó ń gé etí. Ọkùnrin kan da bíà lé mi lórí bí mo ṣe ń wọlé. Dọ́là mẹ́rìnlá ni ife bíà kan ní pápá yẹn báyìí, ìyẹn ni pé ó kórìíra mi dénú. Àwọn tó kù ń kọrin orúkọ Jarvis. Jarvis dorí kodò, ojú ń tì í fún mi. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

Rírú, 8 Oṣù Kẹwàá

Kóòṣì pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn níbí, ọ̀rọ̀ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Royce, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ."

"Ẹ fò ó, Kóòṣì. Ẹ sọ èyí tó kàn."

"Jarvis ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Ṣé èmi nìkan ni mo pàdánù? Àwọn tó yẹ kó dáàbò bò mí, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń ya bí ògiri àlàpà?"

"O ti dàgbà, Royce. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Bó bá jẹ́ ẹ̀bi mi, ǹ bá tún un ṣe. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo jáde. Gus ń dúró dè mí. "Wọ́n á pè ẹ́ padà. Ọmọ yẹn ṣì ń hu eyín." Mo sọ fún un pé kó lọ fún ọmọ yẹn ní bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Jarvis na wọ́n. Mo dúró létí pápá pẹ̀lú fìlà àti ìwé lọ́wọ́, mò ń pàtẹ́wọ́ torí pé kámẹ́rà ń wò mí. Lẹ́yìn eré, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ sáré wá.

"Ṣé ẹ rí i, sà? Ṣé ẹ rí èyí tí mo jù gba abẹ́ apá òmìrán yẹn?"

Mo ní mo rí i. Ọmọ náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlara, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ìyá rẹ̀ ti kó wá bá a gbé láti Alabama: Ìyáàfin Verlene Pettway. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ọmọ iléèwé. Ó gbá mi mọ́ra bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́. "Ìwọ ni Royce. Royce wí báyìí, Royce ṣe báyìí, etí mi ti kún. Wá jẹun nílé lọ́jọ́ kan." Mi ò lọ.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Ìkẹrin léra tó ti ń borí. Mo fẹ́ kọ òtítọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa kà á. Nígbà tó sáré jáde lónìí, mo gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Kàkà kí eku má jẹ sèsé, a fi ṣe àwàdànù, èmi ni eku náà. Corinne wo ojú mi nínú mọ́tò, ó ní, "A ti borí, àbí?" Mo ní a ti borí.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Yìnyín àkọ́kọ́. Mo ra táyà òtútù mẹ́rin, iye tí wọ́n pè é, bí ẹni ń ra ẹṣin. Mo gbàgbé ibi tí mo gbé mọ́tò sí, mo rìn yípo ilé ìtajà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún Corinne pé èrò ló pọ̀.

Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá

Mo ní láti kọ èyí bó ṣe lọ gan-an.

Ìdá kẹta eré. Wọ́n gbé Jarvis ṣánlẹ̀ láti ẹ̀yìn, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀ dídì, mo gbọ́ ìró akoto níbi tí mo dúró sí. Ó dìde, ó rìn sọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá dípò kó rìn sọ́dọ̀ wa. Wọ́n mú un wọ àgọ́ kékeré létí pápá. Dókítà Feldkamp bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ó jáde, ó ní ó rántí mẹ́fà. Mẹ́fà, bíi ti oṣù Keje gẹ́lẹ́. Wọ́n jẹ́ kó padà.

Èmi ti dé akoto lórí, ara mi ti gbóná. Mo bọ́ ọ.

Kí eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó padà tó bẹ̀rẹ̀, ó kọjú sí ọmọkùnrin tó máa gba bọ́ọ̀lù létí pápá, ó sì fi ọwọ́ lu itan lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin yẹn ń wò ó, kò mọ ohun tó ń wí. Gus yíjú wo ẹ̀yìn. Kóòṣì ń pariwo pé ariwo èrò ni ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ènìyàn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé Jarvis ò sí lọ́dọ̀ wa. Ó wà ní yunifásítì rẹ̀, ní Alabama, ní ọdún tó kọjá.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni Kóòṣì jìnnà sí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní arúgbó fẹ́ gba ipò rẹ̀ padà. Òótọ́ ni, wọ́n á wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ rí i kó ṣubú. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó dì mí lẹ́nu jù. Ó lu itan ní eré kejì. Ó lù ú ní ìkẹta. Ní ìkẹrin, ó di bọ́ọ̀lù mú, ó kàn dúró bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀ láti iwájú. Kò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ le gbandi sókè.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo ń wò ó.

Èmi ni mo parí eré náà. A borí.

Àìkú, 30 Oṣù Kọkànlá

A borí. Ayò mẹ́rin. Wọ́n ń kọrin orúkọ mi, àwọn kan náà tó da bíà sí mi lórí. Ó dùn mọ́ mi. Mo kórìíra pé ó dùn mọ́ mi.

Rírú, 3 Oṣù Kejìlá

Jarvis wá sí ọgbà lónìí, dígí dúdú lójú. Ó béèrè àtàǹpàkò mi. Mo dáhùn. Ó béèrè ìyàwó mi. Mo dáhùn. Ó tún béèrè àtàǹpàkò mi.

"Márùn-ún ni mo rántí lánàá, sà," ó ń yọ̀. "Wọ́n ní bí mo bá ti dé mẹ́fà, mo ti yè. Wọ́n ní mo lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù yìí."

"Ṣé o ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé àwọn tó kù ni?"

"Rárá o. Gbogbo agbára mi ni mò ń sà."

Mo sọ fún un pé kó lọ jókòó, kó yé dúró níbi tí iná ti ń tàn sí i lójú.

Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

A borí. Bí a bá tún borí ẹyọ kan, a ti wọ ìdíje àṣekágbá, ó di ọdún mẹ́fà tí a ti dé bẹ̀ gbẹ̀yìn. Kóòṣì sọ létí mi pé bí Jarvis bá tilẹ̀ yè, èmi ni wọ́n á lò. Ohun tí mo ti ń fẹ́ látoṣù Keje nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àfi bó o bá ṣèṣe o. Jarvis á ti wà ní sẹpẹ́." Mo rántí márùn-ún tí Jarvis fi ń yọ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Mo lọ bá Dókítà Feldkamp kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Dókítà, ìdánwò Jarvis ti oṣù Keje, ẹ fà á ya."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé mẹ́rin ni. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò pariwo. "A jẹ́ pé kò súnmọ́ ara rẹ̀ rárá. Ìdajì orí ọmọ náà la fẹ́ rán padà sórí pápá." Ó wá wò mí. "Tìẹ ńkọ́, Royce? Ìgbà wo lo ṣe tìẹ bó ṣe yẹ gbẹ̀yìn?"

"Mi ò ṣe é bó ṣe yẹ rí."

"Fún odidi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kò síbi tí mo fẹ́ dúró sí láti wọn ohun tó ti lọ lórí ẹ. Ìwọ lo ju òṣùwọ̀n nù."

Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún mi nígbà náà. Mo di ojú, mo sa gbogbo agbára mi. Márùn-ún ni mo rántí.

Rírú, 10 Oṣù Kejìlá

Wọ́n dá àwa méjèèjì dúró, sáà yìí ti tán fún wa. Ní tèmi, wọ́n ò sọ pé sáà yìí nìkan. Kóòṣì ò kí mi. Gus kí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, torí pé ó ti ń ka iye ọdún tí òun náà ti fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Jarvis ń kó bàtà rẹ̀ sínú báàgì ní yàrá ìmúra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ò lè gba ipò lọ́wọ́ mi lórí pápá, ẹ wá lọ gbà á ní ọ́fíìsì dókítà."

"Jarvis, wọ́n dá èmi náà dúró."

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ti ṣe. Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo ṣe."

Kò pè mí ní sà. Ó gbàgbé báàgì náà síbẹ̀, ẹlòmíì ló sáré gbé e tẹ̀ lé e.

Ẹtì, 12 Oṣù Kejìlá

Mo lọ sílé wọn lọ́sàn-án. Corinne ní kí n má lọ. Ìyáàfin Pettway ló ṣílẹ̀kùn. Jarvis ń sùn, gbogbo kọ́tìnì ni wọ́n fà. Mo ti múra sí èébú, ṣùgbọ́n ó fà mí wọlé, ó mú mi jókòó sí kíṣìnnì, ó ń bu ẹ̀wà àti àgbàdo yíyan sínú àwo fún mi.

"Inú ń bí i. Jẹ́ kó bí i," ó ní. "Bí o ò bá lọ bá dókítà yẹn, ọmọ mi ì bá wà lórí pápá lọ́jọ́ Àìkú. O ti fi iṣẹ́ tìẹ san án, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Mo lè gba ìyẹn, kí n jẹun, kí n máa lọ. Mo ti fẹ́ gbé ṣíbí. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á pé kó máa ṣàdúrà fún mi lórí ohun tí kò mọ̀. Mo sọ ti bí Jarvis ṣe ń lu itan fún un. Mo sọ pé mo rí ọwọ́ rẹ̀, pé mo mọ ohun tó ń wí, pé ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni Kóòṣì jìnnà sí mi, pé mo dákẹ́.

Ó gbé ọwọ́ lé orí tábìlì. "Eré mélòó ló wà láàárín ìgbà tó o kọ́kọ́ rí i sígbà tí wọ́n lù ú?"

"Ìkẹrin ni wọ́n lù ú, mà."

"Aago tó wà lókè pápá yẹn, tó máa ń ka láàárín eré kan sí èkejì. Mélòó ló ń kà?"

"Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, mà."

Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, ó ń ṣírò. Mo ti mọ iye tó máa jẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

"Ogójì lọ́nà mẹ́ta," ó ní. "Ìṣẹ́jú méjì lo ní, Royce. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sì ni kóòṣì wà sí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé àwo oúnjẹ náà kúrò níwájú mi, ó dà á padà sínú ìkòkò, ó dé e. Ó ní kí n máa lọ, kí n rọra sọ̀ kalẹ̀, torí pé yìnyín wà lórí àtẹ̀gùn.